Sísọ̀kalẹ̀ Ló Kọ́kọ́ Kọ́ Mi

fún Verna Sawchuk, ní ẹ̀yìn ìlú Vegreville, ní Alberta

Nínú òwe nìkan ni mo ti mọ ẹṣin rí.
Ẹṣin iwájú, ẹṣin ẹ̀yìn,
ẹṣin tí bàbá mi máa ń gùn wọ inú ọ̀rọ̀
nígbà tí iná bá lọ, tí oorun kò sì tíì dé.
Kò sí èyí tó ń mí nínú wọn.
Kò sí èyí tó ń yàgbẹ́.

Ìgbà tí mo dé oko yín, Ìyá,
(èdè yín kò ní "ẹ", ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bọ̀wọ̀ fún yín)
òtútù ti sọ irùngbọ̀n mi di funfun,
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó,
oorun wà lójú mi bí iyanrìn.
Tiwalọlá ló fẹ́ kọ́ ẹṣin gígùn, kì í ṣe èmi.
Ẹ wò mí láti orí dé bàtà.
Ẹ ní, "Bàbá tó fara ti ọgbà kò lè ran ọmọ lọ́wọ́. Wọlé."
Ẹ dé akoto mọ́ mi lórí,
ẹ ti ìka kan bọ abẹ́ okùn rẹ̀ ní àgbọ̀n mi,
bí abiyamọ tó ń wò bóyá ọ̀já há jù.

Ẹ ní kí n má gba ẹ̀yìn wá,
kí n gba ẹ̀gbẹ́ èjìká, kí n máa sọ̀rọ̀ bọ̀:
ẹṣin tó gbọ́ ọ láìrí ọ,
ìpá ló fi ń béèrè orúkọ.
Ẹ ní kí n má wé okùn mọ́ ọwọ́ láéláé.
Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́.
Ìka mẹ́ta ni mo rí lọ́wọ́ òsì yín.
Ẹ kò sọ ìtàn náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ padà,
ẹ na okùn sí mi.

Lẹ́yìn náà, sísọ̀kalẹ̀.
Yọ ẹsẹ̀ méjèèjì, tẹ̀ síwájú, fò, rọ orúnkún,
kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ìgbà mọ́kànlá láàárọ̀ ọjọ́ kan,
lára Pẹ́pà, abo ẹṣin arúgbó tó dúró gbagidi,
tó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ.
Adégòkè lorúkọ mi. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín.
Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi wúkọ́.
Ẹ ní, "Ó dáa, Gòkè. Tún sọ̀kalẹ̀."

Wọ́n ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.
Ìbáwí ni mo pè é, fún agbéraga.
Lọ́dọ̀ yín ni mo ti gbọ́ ọ bí ìlànà iṣẹ́:
ilẹ̀ ń dúró dè ọ́,
kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí i.

Oṣù kẹta, atẹ́gùn ṣí páànù lórí àká.
Pẹ́pà gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀, ó gbé ọmọ mi lọ.
Mo fẹ́ sáré. Ẹ di ẹ̀wù mi mú.
Ẹ pè é, ohùn yín bí ẹni ń béèrè iye búrẹ́dì:
"Okùn kan, Tiwa. Ẹyọ kan."
Ó fa ẹyọ kan sí orúnkún,
ẹṣin ń yípo, ó ń yípo,
bí ajá tó ń wá ìrù ara rẹ̀,
ó dúró.
Ọmọ mi yọ ẹsẹ̀, ó fò, ó rọ orúnkún.
Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá Pẹ́pà fara pa.
Èmi ni mo jókòó sínú yìnyín.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́."
Ẹ ní kí ni ìyẹn.
Mo wá a títí, n kò rí i lédè yín.
Mo ní: ó túmọ̀ sí pé mo rí yín níbi tí ẹ ti ń ṣe é.
Ẹ ní, "Hùn," ẹ lọ fún ọ̀já gàárì.

Nírọ̀lẹ́ Àìkú, mo ń tẹ̀ lé yín lọ sídìí odò.
Ẹ ò bojú wẹ̀yìn kí ẹ tó pariwo, "Gìgísẹ̀!"
Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.
Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré;
tiwa kì í sáré, ó ń rìn ni.
Ó gbé ìrù, ó yàgbẹ́ sórí yìnyín,
èéfín ń rú.
Mo rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.